Ìwé Ìdí Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Lébẹ́ẹ̀lì Aṣọ

"Ta ló pa á?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló kú."

"Òun fúnra rẹ̀! Lánàá ó kú, ó jí. Lónìí ó tún kú. Ṣé eré ló ń bá mi ṣe ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jọ ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ni tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi òwú ya ẹyẹ, ewé àti orúkọ èèyàn sára aṣọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Àbúrò rẹ̀ ni Télọ̀. Tirẹ̀ ni kó gé aṣọ, kó rán an, kó lọ̀ ọ́, kó sì máa pariwo.

Kọ̀ǹpútà tó ń kú tó ń jí yìí ti gbó. Èèyàn lè tàn án, kó lọ wẹ̀, kó padà wá bá a níbi tó ti ń ronú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó nìkan ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ò fi fẹ́ kó kú. Bátànì ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Pẹ́ńsùlù ló fi ń ya bátànì sórí bébà sìmẹ́ǹtì: ẹyẹ tó yí ọrùn wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè, ewé tó ká jọ bí etí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn tí ìyá náà kú, Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń kó wọn sínú rẹ̀ lójú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tètè ṣe é, nítorí nígbà tó yá, ikán jẹ gbogbo bébà náà.

Ìtànná kan tún wà láàárín wọn tí ìyá wọn ò yà parí kí ikú tó dé. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò tíì rán ìyẹn sára aṣọ ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ òun máa dán tó láti parí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn," ni Télọ̀ wí, "kí eléyìí má lọ kú tòun ti bátànì Màámi."

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì bá a wí lórí ìyẹn. Ó lọ, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó mọ́ tónítóní. Wọ́n yá fúláàṣì, ohun kékeré tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, wọ́n fi kó àwọn bátànì sínú tuntun náà, wọ́n sì nu fúláàṣì náà mọ́ kí wọ́n tó dá a padà; gbogbo bátànì ló ṣí wẹ́rẹ́. Ẹyẹ yí ọrùn padà, ewé ká jọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà ló rí àkọlé kan tó ṣú dùdù: kọ̀ǹpútà yìí kò tíì ní àṣẹ ìlò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí kí n tó tẹ̀ síwájú. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò ìpìlẹ̀ kan tó ń jí i lójú oorun tó sì ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ètò náà ló ń fún èèyàn láṣẹ láti lò ó. Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí àṣẹ yẹn, á máa yọ ẹni tó ń lò ó lẹ́nu, á máa ránni létí bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

"Kí ló ń sọ yìí?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bi àbúrò rẹ̀. "Ṣé kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́? Báàjì iléèwé tí wọ́n ní ká ṣe wà nílẹ̀ o."

Télọ̀ ronú díẹ̀. Ó dojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ dé. Ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ḿbà kún ara rẹ̀ bámúbámú. Ó patẹ́wọ́.

"Àṣẹ rèé! Ìdí ti àtijọ́ ló wà. A kàn máa gbé e ni."

Ẹ ò ní mọ ohun tó sún un ṣe èyí tó ṣe bí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá mú ẹ̀wù gbígbó wá, tí lébẹ́ẹ̀lì ilé aṣọ ńlá kan wà lọ́rùn rẹ̀, Télọ̀ á fi bíléèdì tú lébẹ́ẹ̀lì náà, á rán an mọ́ ọrùn ẹ̀wù tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Oníbàárà á wọ̀ ọ́, á máa yan. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Lójú tirẹ̀, níbi tí lébẹ́ẹ̀lì bá ti wà, ibẹ̀ ni iyì wà.

Ó ti áyọ́ọ́nù bọ iná. Ó ki àkísà bọ omi, ó tẹ́ ẹ sórí ìwé náà, ó gbé áyọ́ọ́nù lé e.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Ìwọ, òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Àṣẹ ni mò ń yọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìwé náà yọ lóòótọ́, àmọ́ ó ti gbẹ, ó ti ṣẹ́ po, nọ́ḿbà bíi mélòó kan sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Télọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà tuntun. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tan kọ̀ǹpútà.

Àkọlé dúdú náà ò kúrò níbẹ̀.

"Ṣé kò rí i ni?" ni Télọ̀ ń sọ.

"Báwo ni yóò ṣe rí i? Ìdí rẹ̀ lo lẹ̀ ẹ́ mọ́, ojú rẹ̀ wà lókè," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tẹ nọ́ḿbà náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń méfò èyí tó ti jóná. Kọ̀ǹpútà ní òun ò gbà.

Ìbá dára ká ní wọ́n dúró níbi ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń rí i, a ó sì máa mi orí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Télọ̀ lọ pe Kíá-Kíá.

Kíá-Kíá ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé-epo. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un tí kì í sọ pé "kíá-kíá ni", orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó dé, ó wo ìwé jíjóná tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ọ̀gá, ta ló lo áyọ́ọ́nù?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni Télọ̀ sọ. "Ṣé o lè bá wa gbé àṣẹ náà?"

"Kíá-kíá ni. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ti àtijọ́. A ó nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde. "Gbogbo inú rẹ̀ kẹ̀? Bátànì ìyá mi ńkọ́?"

"Mọ́mì, ṣebí ẹ ti kó wọn sínú tuntun?"

"Mo ti kó wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ti ibẹ̀ ṣì wà."

"Bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, àṣẹ ò ní jáde. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, Mọ́mì. Ṣé èèyàn lè kó kúrò nílé kó tún fi ẹrù sílẹ̀?"

Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ìdajì òótọ́ sì burú ju odindi irọ́ lọ. Lóòótọ́ ni pé àwọn àṣẹ kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ yọ lára kọ̀ǹpútà kan kó tó lò ó lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n nu iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nù kí àṣẹ tó lè jáde, irọ́ gbuu ni.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Kò gbé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Télọ̀ wí, "ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ kúrò.

Kíá-Kíá nu inú rẹ̀ mọ́. Ó wá yíjú sí tuntun, ó fa fúláàṣì kan yọ nínú àpò. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ná."

"Ẹ̀ṣọ́ wo?"

"Ètò kan tó máa ń pariwo bí nǹkan bá fẹ́ wọlé. Aláròyé ni, kì í jẹ́ kéèyàn ríṣẹ́ ṣe."

Ó pa á. Ó ti fúláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Àkọlé dúdú náà pòórá. Télọ̀ yìn ín, ó fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀, ó tún ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Kíá-Kíá ń fọn fèrè jáde lọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Ìyá Abẹ́rẹ́ ya báàjì iléèwé náà tán, ó kó o sínú fúláàṣì, Télọ̀ sì gbé e lọ síléèwé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí Ìyá Abẹ́rẹ́ tó máa rán an.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá láìkí ẹnikẹ́ni. Òun ni tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé náà ní kọ̀ǹpútà. Ó fi ánkáṣíìfù mú fúláàṣì náà ní ṣóńṣó, bí ẹni mú eku tó ti rà.

"Ẹ má bínú mà, pé mi ò kí yín. Inú ló ń bí mi. Kí lẹ fi ránṣẹ́ sí wa?"

"Báàjì ni," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ṣé kò dára ni?"

"Báàjì nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ mà! Bí mo ṣe tì í bọ kọ̀ǹpútà iléèwé báyìí ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ figbe ta. Kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń ti iṣẹ́ oníṣẹ́ pa. Èsì ìdánwò gbogbo àwọn ọmọ wa ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ṣọ́!"

"Kòkòrò kẹ̀? Níbí? Kò sí nǹkan tó ṣe kọ̀ǹpútà wa. Wá wò ó."

Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ báàjì. Kò ṣí. Ó tẹ ẹyẹ. Kò ṣí. Ó tẹ ewé. Gbogbo orúkọ wọn ló ti hu ìrù kan tí kò mọ̀ rí. Àárín wọn ni ìwé kan wà tí òun ò kọ. Ìwé yẹn ṣí ní tirẹ̀. Ó ní: a ti ti iṣẹ́ yín pa, ẹ sanwó kí a tó ṣí i.

"A?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ta ni wọ́n?"

Tíṣà ti fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ kó tó béèrè tán. Ó fa èyí tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ọnà náà yọ pẹ̀lú. "Ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ má sì sanwó fún olè. Ọ̀pọ̀ ló ti san án tí wọn ò rí nǹkan kan gbà. Ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ yìí ńkọ́? Níbo lẹ tún kó wọn sí?"

"Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé e wá."

Télọ̀ ń wo ilẹ̀.

"A ti nu inú rẹ̀," ló wá sọ.

"Kí ló dé?"

"Kí àṣẹ lè jáde."

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó wo ìdí kọ̀ǹpútà, ó rí ìwé jíjóná náà, ó sì mi orí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò sunkún. Ó tẹ ìtànná ìyá rẹ̀, èyí tí kò parí, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àbúrò rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀ pé, "Lọ pè é wá."

Kíá-Kíá dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Fúláàṣì tí o lò níbí, níbo lo ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀?" ni Tíṣà bi í.

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé ló ń lò ó, Tíṣà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ta ló ṣe é?"

"Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn? Ó sáà ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tí o fi ní kí wọ́n pa ẹ̀ṣọ́?"

"Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé ni."

"O gbọ́ ohun tí o sọ yìí? Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé! Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, tó ní kí o kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó lè wọlé, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ajá ń gbó, ṣé wàá so ó?"

Kíá-Kíá yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́. "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín níjì. Torí bátànì lásán? Ó pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ilẹ̀ bí ẹní. Èmi fúnra mi á bá yín wá ẹyẹ tó dára ju ìyẹn lọ, ọ̀fẹ́ ni."

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀.

"Ẹyẹ tó dára ju ìyẹn lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Kíá-kíá ni."

"Ìyá mi ló ya ẹyẹ yẹn! Lórí àìsàn ló ya ìtànná tó ṣìkejì rẹ̀! Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà yìí, mo ní kí o fi tibẹ̀ sílẹ̀ fún mi, o ní ṣé èèyàn lè kó kúrò nílé kó fi ẹrù sílẹ̀. Ẹrù dà? Mo ní ẹrù dà? O kó mi kúrò nílé, o dáná sun ẹrù, o tún dúró síwájú mi, o ń sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni! Jáde. Jáde kí n tó fi sísọ́ọ̀sì ṣe ohun tí wọn ò rà á fún!"

Ó jáde. Kò bẹ̀bẹ̀, kò dá kọ́bọ̀ padà. Ó ní àìmoore ló ń ṣe wọ́n.

Ìgbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀ ni Télọ̀ tó lè lanu. "Tíṣà, báwo ló ṣe yẹ ká gbé àṣẹ náà gan-an?"

"Ẹ ò lè gbé e," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àṣẹ kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ló ti fi sínú rẹ̀ kó tó jáde lọ́dọ̀ wọn. Ara ẹ̀rọ yẹn ló so mọ́, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Irú rẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà yín àtijọ́. Ìwé ìdí rẹ̀ wulẹ̀ ń sọ fún yín pé ó ní in ni."

"Nígbà náà, kí ni ẹni yẹn ní òun ń yọ?"

"Kò yọ nǹkan kan. Kò sí nǹkan tó ṣeé yọ. Àṣẹ tó ṣeé gbé ni èyí tí èèyàn fowó ara rẹ̀ rà lọ́tọ̀. Ìyẹn lè ṣí láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lórí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó yọ nọ́ḿbà rẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú tuntun, ó parí. Nọ́ḿbà yẹn nìkan lẹ ń yọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yín á wà níbi tó wà."

"Á! Bíi kéèyàn tú lébẹ́ẹ̀lì láìfa aṣọ ya."

"O ò gbọdọ̀ dárúkọ lébẹ́ẹ̀lì nínú ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́!" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ kígbe láti ìdí ẹ̀rọ, Télọ̀ sì pa ẹnu mọ́.

Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà àlòkù náà lọ sílé. Ó kó àwọn bátànì tí wọ́n tì pa pamọ́ sọ́tọ̀, bóyá lọ́jọ́ kan ẹnìkan á rí ọ̀nà àtiṣí wọn. Lẹ́yìn náà ló nu inú kọ̀ǹpútà náà mọ́, tó sì wò ó fínnífínní. Ìgbà tó gbé e padà wá, ojú rẹ̀ ò dára.

"Ẹni tó tà á fún yín ló fi ẹ̀yà ètò ìpìlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i," ló sọ. "Ẹ̀yà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò ló fi sí i, bẹ́ẹ̀ ti ilé lásán ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà yìí fún. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè àṣẹ. Mo ti mú ẹ̀yà tirẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, mo ti fi sí i. Ẹ wò ó."

Ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó tẹ nọ́ḿbà kankan. Ó ṣí ojú ewé kan, wọ́n sì kà á níbẹ̀ pé kọ̀ǹpútà yìí ti ní àṣẹ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kà á, ó tún un kà. "Ibo ni àṣẹ yìí ti wá?"

"Inú rẹ̀ ló wà, mà. Òun náà ní tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ti jáde."

"Ó ti wà níbẹ̀ kí Télọ̀ tó gbé áyọ́ọ́nù?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

"Àkọlé tó ń yọ wá lẹ́nu yẹn, ṣé ì bá dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá o. Ẹ ì bá ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀."

"Àṣẹ ti wà níbẹ̀, àyè sì wà, kí n tó gbé ọwọ́ mi kúrò kí wọ́n nu bátànì ìyá mi."

Télọ̀ bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹyẹ kan wà lọ́rùn ẹ̀wù náà, tó yí ọrùn wẹ̀yìn. Ó jáde ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá àwọn ní aṣọ tí àwọn rán fún wọn, kí ẹ̀gbọ́n òun lè wò ó ya. Àwọn kan yọ̀ǹda. Àwọn kan ti fi tiwọn nulẹ̀.

Ẹyẹ ti padà báyìí, ewé náà ti padà. Ṣùgbọ́n ìtànná ìyá wọn ò sí lára aṣọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ilé tí Télọ̀ lè lọ béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú àṣẹ tó wà lórí èyí tí ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní bá yín lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ rà lọ́tọ̀ ni, ẹ tọ́jú nọ́ḿbà rẹ̀ àti rìsíìtì rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ti àtijọ́, kí ẹ tó lò ó lórí tuntun. Àṣẹ tí ibi iṣẹ́ yín fún yín, ti ibi iṣẹ́ yín ni. Ẹ má gbé e lọ sílé. Bí ẹ bá sì ń ra àlòkù, ẹ má tíì sanwó tán. Ẹ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wò ó bóyá ó ní àṣẹ, nítorí ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń wá kiri ti wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín kí òun tó ṣiṣẹ́, ẹ lé e jáde. Mi ò ní kí ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lé e. Ẹni tó bá ní dandan ni kí òun nu iṣẹ́ yín nù kí àṣẹ tó jáde, ẹ bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín láìjẹ́ pé ẹ̀dà iṣẹ́ yín wà níbòmíràn, ní ibi tí ọwọ́ ẹni náà ò lè dé. Gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní "gbogbo ayé ló ń lò ó" yẹn, ẹ bi gbogbo ayé bóyá wọ́n á bá yín san gbèsè rẹ̀.

Kíá-Kíá ṣì wà lẹ́yìn ilé-epo. Tíṣà ti fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n ní àwọn ń wò ó. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́wọ́ náà ni èrò ń wọlé tọ̀ ọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó sì dínwó.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ ó rí ìwé pélébé kan lára ògiri, lókè ẹ̀rọ ọnà rẹ̀. Ó ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ṣẹ́ po, gọ́ọ̀mù sì ti gbẹ mọ́ ọn lára. Òun ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ni, á kọ́kọ́ fa òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já.

"Ìtànná ìyá mi," ló máa ń sọ, "ni mo fi pààrọ̀ ìwé yẹn."